Àtẹ́wọ́ Tó Ń Pa Ọ̀rọ̀ Rẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí odindi ìlú ṣe lè wà létí odò kí wọ́n má sì rí omi bọ́jú, kó fìdí kalẹ̀ níwájú mi. Ìtàn náà kò gùn, ṣùgbọ́n òmùgọ̀ wà nínú rẹ̀. Òmùgọ̀ ọ̀hún ní ọ́fíìsì, ó ní àga tó ń yí bírí, ó sì ní ẹ̀rọ amúlétutù méjì: ọ̀kan fún ara rẹ̀, èkejì fún àwòrán rẹ̀ tó wà lára ògiri, kí òógùn má baà bo àwòrán.

Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Omi ni ọkùnrin náà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yàn án, oyè rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó pé ọdún kan ó ti fi "Olùdarí Omi Tó Ń Ṣàn àti Èyí Tó Dúró" kún un. Ní ọdún kejì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń pọ́n ọn sọ fún un pé ohùn rẹ̀ dùn lórí fóònù, ó bá ní kí wọ́n fi "Ohùn Wúrà" dé oyè náà lórí. Ẹni tó bá wọlé tọ̀ ọ́ wá tí kò ka oyè náà tán, yóò padà sẹ́nu ọ̀nà, yóò sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tó wá sọ fún un pé iná ń jó ilé ìkẹ́rù wọn. Kó tó ka oyè dé "Èyí Tó Dúró", iná ti jẹun yó.

Ohùn tó bá dùn tó báyìí, Ọ̀gá Àgbà rò ó pé kò yẹ kó mọ sí orí fóònù. Ó pinnu pé ojoojúmọ́ ni òun yóò máa ṣe fídíò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ará ìlú lè máa rí òun bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa omi. Báyìí ni wọ́n ṣe gba ọmọbìnrin kan tó mọ fídíò ṣe, tó sì mọ ọ́n gé. Ẹ́dítọ̀ ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Bàbá rẹ̀ ló bá a tọrọ iṣẹ́ náà. Bàbá yìí ló ń tọ́jú ẹńjìnnì ńlá tó ń fa omi láti inú odò wá sínú ìlú. Ó ti wà nídìí rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì ku oṣù mẹ́fà kó fẹ̀yìn tì. Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ohun tó wù ú tó kí ó fi orúkọ rere kúrò níbẹ̀.

Wọ́n fún Ẹ́dítọ̀ ní yàrá kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó lẹ fóòmù mọ́ ara ògiri kí ìró má baà ta padà, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀, ó fi íápíìsì ńlá tó bo etí méjèèjì kọ́ ọrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló rí i pé ohùn wúrà náà máa ń kọsẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo, "Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará ìlú mi," Ọ̀gá Àgbà ṣì í sọ ní ìgbà mẹ́tàdínlógún. Nígbà mìíràn á kí wọn kú alẹ́. Nígbà mìíràn á gbàgbé ẹni tó ń kí. Tó bá ti ṣì í, á bú kámẹ́rà, á bú iná, á bú ẹni tó ran aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ́dítọ̀ fi sùúrù kọ́ ọ ní ohun tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọ́ àwọn oníbàárà wọn.

"Ọ̀gá, tí ẹ bá ṣì í sọ, ẹ ṣáà pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ tún un sọ. Àtẹ́wọ́ yẹn á yọ gọngọ lójú kọ̀ǹpútà mi, mi ò ní wá a rárá. Màá gé àṣìsọ tó ṣáájú rẹ̀ dànù."

"Gbogbo ẹ̀?" ni Ọ̀gá Àgbà wí.

"Gbogbo ẹ̀ pátá, Ọ̀gá."

"Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ?"

"Kò sẹ́nikẹ́ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ọmọ náà wí. Ọ̀rọ̀ fídíò ló ń sọ. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ayé ni ọkùnrin yìí ń gbọ́?

Nígbà tí fídíò náà jáde, Ọ̀gá Àgbà wò ó lẹ́ẹ̀mọkànlá. Ó rí ara rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ geere bí omi tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìpẹ́. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé bí òun ṣe rí nìyẹn, àwọn ọ̀tá ni wọn kò jẹ́ kí ayé rí i. Láti ọjọ́ náà lọ ó ní kí kámẹ́rà máa tẹ̀ lé òun káàkiri, ìpàdé ni o, ọ̀nà oko ni o.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni àtẹ́wọ́ jáde kúrò nínú fídíò. Wọ́n wà ní ìpàdé. Ọ̀gá Àgbà sọ fún Igbákejì rẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, pé orí rẹ̀ dà bíi táńkì òfìfo: tí a bá kàn án, yóò dún, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rántí pé àna alágbára kan lókè ni Igbákejì. Ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó tún ojú ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí: "Igbákejì mi ọ̀wọ́n, ọlọgbọ́n ènìyàn."

Igbákejì yìí sì mọ bí a ṣe ń tẹ̀ kí ẹ̀yìn má kán. Ó dìde, ó foríbalẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ yìí wú mi lórí."

Ohun tó bà wọ́n jẹ́ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìwé àṣẹ ti wà lára gbogbo ilẹ̀kùn pé ohunkóhun tó bá ṣáájú àtẹ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà, a kò sọ ọ́, a kò gbọ́ ọ, a kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé ìpàdé kọ́ bí a ṣe ń gbé bíírò sókè títí ọwọ́ yóò fi dún. Obìnrin kan ní ẹ̀ka ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lẹ́yìn àtẹ́wọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, àwọn yòókù rí i pé ó ti gba iwájú wọn, wọ́n ní àwọn náà yóò máa yán. Dírẹ́bà rẹ̀ ló jìyà jù. Ọ̀gá á ní kó yà sósì, ó yà sósì tán, ọwọ́ á dún, a ti gé òsì kúrò, ọ̀tún ló kù. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá di wákàtí méjì.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò gbà. Ó pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn nílé lẹ́yìn tó ti bú u, ìyàwó náà sì fi sùúrù sọ fún un pé òun ti gé ibẹ̀ kúrò bó ṣe fẹ́, oúnjẹ rẹ̀ ló kàn wà nínú ibi tí òun gé.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló dúró sí, ẹ̀rín la ò bá máa rín. Ṣùgbọ́n ẹńjìnnì wà lẹ́yìn ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà, ẹńjìnnì a sì máa hó. Ọjọ́ kan Ọ̀gá Àgbà fi íápíìsì Ẹ́dítọ̀ sétí, ó gbọ́ nǹkan kan tó ń kùn húù lábẹ́ ohùn rẹ̀, ó béèrè ohun tó jẹ́. Ẹ́dítọ̀ ní ẹńjìnnì omi ni, pé kí Ọ̀gá má ṣèyọnu, òun lè fi kọ̀ǹpútà dín in kù, tàbí kí àwọn kó lọ sí yàrá iwájú. Àwọn àgbà ní ẹni tí à ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ariwo ọjà gan-an ni Ọ̀gá Àgbà ń wò. Ó ní kí wọ́n pa ẹńjìnnì nígbàkúùgbà tí kámẹ́rà bá wà ní títàn. Kámẹ́rà sì máa ń wà ní títàn láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì wọlé wá bá a, ó yọ fìlà, ó ní ẹńjìnnì náà ti dàgbà, tí wọ́n bá pa á lónìí, á gbà á ní wákàtí mẹ́fà kó tó gbé omi dé àdúgbò tó jìnnà.

"Ìwọ bàbá yìí, mo ní kí o pa á," ni Ọ̀gá Àgbà wí, láìwo ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá, àwọn ará ìlú ò ní rí omi."

"Wọ́n á rí mi."

Ó pàtẹ́wọ́, ó ṣàtúnṣe aṣọ ọrùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará ìlú mi." Ẹ́dítọ̀ wà lẹ́yìn kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ wọlé. Inú bí i, ṣùgbọ́n ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó rò ó pé bí òun bá la ẹnu, bàbá òun ni wọ́n máa fìyà rẹ̀ jẹ.

Omi dá. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé omi dà. Ọ̀gá Àgbà, tí kì í jẹ́ kí ìbéèrè ará ìlú já sílẹ̀ lásán, ní òun yóò dá wọn lóhùn. Fídíò mọ́kànlélógún ló fi ṣàlàyé ìdí tí omi kò fi sí. Kó tó ṣe ìkọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n á kọ́kọ́ pa omi. Bí omi ṣe ń dá sí i ni ìbéèrè ń pọ̀ sí i, bí ìbéèrè ṣe ń pọ̀ ni fídíò ń pọ̀, Igbákejì sì sọ ní ìpàdé pé láyé òun, òun kò rí ọ̀gá tó ń bá ìlú sọ̀rọ̀ tó báyìí rí. Oṣù mẹ́ta ni ìyá Ẹ́dítọ̀, bíi gbogbo ìyá tó kù, fi ń ru omi odò gun òkè.

Nígbà tí ariwo dé òkè, wọ́n rán ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta wá ṣèwádìí. Òfin wọn ni pé ẹni tí wọ́n bá rí pé ó pa omi ìlú, ọjọ́ yẹn gan-an ló ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú àbùkù. Ọ̀gá Àgbà gbọ́, ó ronú, ó sì kọ ìwé "wá wí tẹnu rẹ" sí Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì pé ó sùn lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló pe Ẹ́dítọ̀. Ó ní kó ṣe fídíò kékeré kan fún ìgbìmọ̀, kó wá gbogbo ibi tí bàbá náà ti ṣẹ́jú, kó sì so àwọn ìṣẹ́jú náà pọ̀ títí yóò fi di oorun.

"Bàbá rẹ ni," ló sọ fún un, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣe é lóore. "O mọ ojú ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. O máa mọ ibi tí wọ́n ti máa ń jọ ẹni tó ń sùn."

Ẹ́dítọ̀ padà sínú yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún. Ojú ń tì í fún gbogbo fídíò tó ti gé, ẹ̀rù sì ń bà á. Tí kò bá ṣe é, wọ́n á lé e, wọ́n á sì wá ẹlòmíràn tí kò mọ bàbá rẹ̀ rí. Tó bá ṣe é, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa fi orúkọ bàbá rẹ̀ gbá ilẹ̀. Ó ṣe ohun tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá há: ó ní kọ̀ǹpútà ṣì ń sè é. Ojoojúmọ́ ni Ọ̀gá Àgbà ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé ó ti jinná, ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ pé ó ku díẹ̀, ó sì ń lọ tayọ̀tayọ̀. Nílé, bàbá kò mẹ́nu kan ìwé náà. Ẹ́dítọ̀ náà kò mẹ́nu kan fídíò.

Ọjọ́ ìwádìí pé. Gbọ̀ngàn ńlá kún fún òṣìṣẹ́. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ ìyá ẹni àádọ́rin ọdún kan tó ti ṣe tíṣà rí, tó so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn. Àwọn ọkùnrin méjì tó kù nínú ìgbìmọ̀ ti jẹun lọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì ti ka ìwé àṣẹ tó wà lára ilẹ̀kùn. Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, fìlà lọ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà ní kí wọ́n pa ẹńjìnnì, kí wọ́n tan kámẹ́rà, kí ayé lè rí bí òdodo ṣe ń lékè.

"Ta ló ní kí wọ́n máa pa ẹńjìnnì?" ni Ìyá Alága béèrè.

Ọ̀gá Àgbà dìde. Ó rí iná kámẹ́rà, ara rẹ̀ sì balẹ̀, nítorí níwájú kámẹ́rà, ohun tó bá kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀ ló ti mọ́ ọn lára láti máa sọ. "Èmi ni, màmá. Ariwo ẹ̀ ń ba ohùn mi jẹ́. Ṣé irú ohùn báyìí ló yẹ kí ẹńjìnnì máa bá fà á?"

Lẹ́yìn náà ló rí ojú Igbákejì rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó fa aṣọ ọrùn rẹ̀ le, ó gbé ojú ìbànújẹ́ wọ̀. "Ó dùn wá púpọ̀, màmá, pé bàbá tí a fi ọkàn tán yìí sùn lẹ́nu iṣẹ́."

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ omi rí. Ìyá Alága ní Ọ̀gá Àgbà ti jẹ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà ní òun kò jẹ́wọ́ nǹkan kan, ṣé màmá kò gbọ́ àtẹ́wọ́ ni? Ìyá náà kọjú sí àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní láti ibi "ó dùn wá" ni àwọn ti ń gbọ́ ọ. Ó wo ìwé akọ̀wé: "Ó dùn wá" ló wà ní ìlà àkọ́kọ́. Ó bi Igbákejì. Igbákejì ní òun gbọ́ ọwọ́, òun sì gbọ́ ìbànújẹ́. Ó bi obìnrin ẹ̀ka ìwé, ìyẹn ṣẹ́jú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó ní ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ ló bi, ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ ni kò gbọ́.

Ìyá Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan etí. Ó rọra ní òun kò lè kọ ohun tí òun nìkan gbọ́ sínú ìwé, òfin ní ó kéré tán kí ẹnì kan jẹ́rìí sí i. Ẹ́dítọ̀ wo bàbá rẹ̀, ó rí i pé bàbá ń ká fìlà náà lọ́wọ́, ó ń ká a kékeré sí i. Nígbà náà ni ìyá náà tajú kán rí i lẹ́yìn kámẹ́rà.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí niṣẹ́ tìẹ níbí?"

Ẹ́dítọ̀ bọ́ íápíìsì kúrò létí. "Màmá, iṣẹ́ mi ni pé kí n máa gbọ́ ohun tó ṣáájú àtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni wọ́n gbà síbí láti máa gbọ́ ọ."

"Kí lo wá gbọ́?"

"Ọ̀gá sọ pé àwọn ló pàṣẹ kí wọ́n pa ẹńjìnnì, torí pé ariwo ẹ̀ ń ba ohùn àwọn jẹ́."

Ọ̀gá Àgbà ní ọmọ ọ̀daràn náà ni, kí ó gé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí kúrò kíá. Ẹ́dítọ̀ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé gígé kúrò nínú fídíò kì í ṣe jíjù nù, pé gbogbo ohun tí òun ti gé láti oṣù wọ̀nyí wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa kì í sọ ọ́ nù. Ìyá Alága ní kó gbé e wá. Wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ojú fídíò ńlá tó wà nínú gbọ̀ngàn.

Ẹ wá wo ìran. Bàbá yọ fìlà, ó kìlọ̀, Ọ̀gá Àgbà ní wọ́n á rí òun. Ọ̀gá Àgbà ní kí wọ́n pa ẹńjìnnì, ó pàtẹ́wọ́, ó ní òun kò mọ ìdí tí omi kò fi sí. Ìgbà mọ́kànlélógún. Lẹ́yìn náà ni orí táńkì òfìfo. Igbákejì gbọ́ ọ, ó dìde fùú, ó ní kò sí irọ́ níbẹ̀, òun gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì ti ń dun òun láti ìgbà yẹn. Obìnrin ẹ̀ka ìwé rí ibi tí wọ́n ti fi imú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, oorun dá lójú rẹ̀, ó ní òun náà gbọ́. Àwọn ọkùnrin méjì inú ìgbìmọ̀ gbọ́ orúkọ ara wọn nínú fídíò ọjọ́ méjì sẹ́yìn, níbi tí Ọ̀gá Àgbà ti ń sọ fún dírẹ́bà pé oúnjẹ kan ló máa ra àwọn méjèèjì, kò ní tó oúnjẹ kejì. Etí ìgbìmọ̀ là pátápátá.

Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ó pa á sí ojú fídíò, ó pa á sí Ìyá Alága, ó pa á sí ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé "Láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀." Àwọn ará ìlú tó ń dúró lóde pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì gbọ́ ọwọ́ tó ń dún, wọ́n rò pé wọ́n ti dá omi padà, àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé nìkan ni kò gbé ojú sókè. Bíírò rẹ̀ ń sáré, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀kankan.

Ọjọ́ náà gan-an ni Ọ̀gá Àgbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Dírẹ́bà gbé e lọ sílé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá Alága fa ìwé "wá wí tẹnu rẹ" náà ya, ó bọ Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, ó sì ní kó máa lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Omi dé àdúgbò wọn ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá àti ọmọ jókòó nínú kíṣíìnì, wọ́n ń wo ẹnu ẹ̀rọ bó ṣe kọ́kọ́ ń tú afẹ́fẹ́ jáde, tó tún ń pọ ìdọ̀tí, kó tó wá mọ́. Ẹ́dítọ̀ béèrè pé kí ló dé tí bàbá kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni láti oṣù mẹ́ta pé àṣẹ ni wọ́n pa fún wọn.

"Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́," ni bàbá wí. "Ìwọ tó ní fídíò ẹ̀ lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Mo rò pé ẹ̀yin ni wọ́n máa lé."

Bàbá mi orí. Ọkàn rẹ̀ rọ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ léjìká, ó ní Ọlọ́run fún òun lọ́mọ. Wọ́n wo ara wọn, ojú àwọn méjèèjì kún fún omi.

Ìyá Ẹ́dítọ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òṣùká ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì wọ́ sí apá kan.

"Ẹ kú ìfẹ́ ara yín o," ló wí. "Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ru omi gun òkè yìí, tí ẹ̀yin méjèèjì ń fi wẹ̀, ẹ sì mọ ẹni tó pa á."

Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì síwájú wọn, ó ní kí wọ́n pọn omi náà kún gbogbo ohun tó lè gba omi nínú ilé, ó sì wọlé lọ dùbúlẹ̀.